Ẹ Jẹ́ Kó Sọ Ọ́ ní Ọdún Kìíní

Gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwa òbí Yorùbá ní gúúsù London, láti Peckham títí dé Sydenham: "A kì í bẹ̀rẹ̀ nǹkan ká má parí ẹ̀." Ọmọ tó wọ yunifásítì nínú oṣù kẹsàn-án yóò wálé fún Kérésìmesì, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀, yóò sì sọ pé ó jọ pé òun ṣi ibẹ̀ yàn, pé òun fẹ́ ṣí lọ sí yunifásítì mìíràn. Kó tó sọ ọ́ dé ìdajì, ìyá ti figbe ta, bàbá ti fọhùn líle, wọ́n ti tẹ àbúrò bàbá láago ní Catford, wọ́n sì ti ní kí pásítọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn yóò sọ fún un: forí tì í, ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, àfi ẹni tó bá forí tì í dópin. Ọmọ á dákẹ́, á padà lọ nínú oṣù kìíní, àwọn òbí á sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀rọ̀ kò parí. Ìmọ̀ràn yẹn, bó ti wù kó dùn létí tó, ń pa àwọn ọmọ wa lára, ó sì ń pa àpò ẹbí lára ju ohun tí a ń sá fún lọ. Bí ọmọ bá máa sọ pé ibi tóun wà kò bá òun mu, ọdún kìíní ni àsìkò tó dára jù lọ láti sọ ọ́. Òbí tó bá pa á lẹ́nu mọ́ ní ọdún kìíní ń fọwọ́ ara rẹ̀ ra wàhálà ọdún kẹta.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá, mi ò sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Láti 1978 tí ìjọba ti dá JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé sí yunifásítì, sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ wọ yunifásítì ní Nàìjíríà mọ̀ pé àyè kò tó èèyàn. Ẹlòmíràn ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kó tó ríbi wọlé. Ẹlòmíràn fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin, iṣẹ́ ọ̀gbìn ni wọ́n fún un, ó sì gbà á tọpẹ́tọpẹ́. Ẹni tó wọlé tán tún ń bá ìyanṣẹ́lódì yí: ní 2022 nìkan, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá. Ẹni tó la irú èyí kọjá kì í fi àyè tó rí ṣeré. Ẹ wá fi ìyà ìlú òyìnbó lé e: ìyá tó ń lọ fọ ọ́fíìsì kílẹ̀ tó mọ́, bàbá tó ń ṣọ́ ilé ìtajà lóru, kí ọmọ wọn lè wọ ibi tí àwọn kò ráyè wọ̀. Nígbà tí ọmọ bá ní òun fẹ́ kúrò, ohun tí etí wọn ń gbọ́ ni pé ó fẹ́ da ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sunkún wá nù.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìrora yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí JAMB kọ́ wa kò bá ètò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yan yunifásítì níbí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ń múra A-level ní Sydenham School tàbí Forest Hill School ni UCAS, àjọ tí a ń gbà kọ̀wé sí yunifásítì, ń sọ fún pé kó yan ibi márùn-ún. Inú oṣù kìíní ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì, nígbà tí kò tíì jókòó ṣe ìdánwò. Máàkì tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ rò pé yóò gbà ni yunifásítì fi ń ṣèdájọ́. Oṣù kẹjọ ni èsì ń jáde. Bí kò bá rí bí wọ́n ti retí, Clearing, ètò pípín àwọn àyè tó ṣẹ́ kù, ló kàn: ọmọ á dì mọ́ fóònù láti àárọ̀, á máa pe yunifásítì kan tẹ̀ lé òmíràn, ní ìlú tí kò dé rí, fún kọ́ọ̀sì tí kò ronú nípa rẹ̀ rí, á sì gbà láàárín wákàtí díẹ̀ nítorí ẹ̀rù pé àyè á tán. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Ta ni nínú wa tó máa ra ilé ní Sydenham lórí fóònù, láì wọnú rẹ̀ rí, tí yóò sì búra pé lẹ́yìn tóun bá wọlé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi òun bóyá òrùlé ń jò? Ìpinnu tí ọmọ ṣe báyìí ni a wá ní kó má lè yẹ̀ láéláé.

Nígbà mìíràn, ọmọ kọ́ ló yàn án, àwa ni. Ní 1958, wọ́n rán Fẹlá olórin wá sí London pé kó wá kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn; Trinity College of Music ló wọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ti ṣí lọ sí Greenwich báyìí, kò jìnnà sí wa ní Sydenham. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olikoye, di dókítà, ó sì di mínísítà ètò ìlera. Béèkó, àbúrò rẹ̀, náà di dókítà. Inú ilé kan náà ni gbogbo wọn ti jáde. Ọ̀nà tó bá ọmọ kan mu kì í ṣe òfin fún èkejì.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó, nítorí òun gan-an ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìforítì là ń dárúkọ. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, £9,535 ni owó tó pọ̀ jù lọ tí yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè gbà lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ fún ọdún kan. Student Finance England, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, kì í san án lẹ́ẹ̀kan náà: ìdá kan nínú mẹ́rin ní táàmù kìíní, ìdá kan nínú mẹ́rin ní èkejì, ìdajì tó kù ní ẹ̀kẹta. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, bí ọmọ bá kúrò ní táàmù kìíní, £2,383.75 ni gbèsè owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bó bá kúrò ní èkejì, ó di £4,767.50. Bó bá wọ ẹ̀kẹta, gbogbo rẹ̀ ni yóò jẹ. Ọmọ tó bá sọ̀rọ̀ nígbà Kérésìmesì kò wá ba nǹkan jẹ́ o. Àsìkò tí nǹkan ṣì rọ̀ jù lọ ló wá.

Òfin kejì ṣe pàtàkì ju èyí lọ, kì í sì í sí lẹ́nu àwọn tó ń sọ pé "forí tì í". Ìjọba máa ń yá ọmọ ní owó ilé-ẹ̀kọ́ fún iye ọdún tí kọ́ọ̀sì rẹ̀ gbà, wọ́n á sì fi ọdún kan lé e. Kọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́ta ní owó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn. Wọ́n á wá yọ iye ọdún tó ti lò kúrò. Bó tilẹ̀ jẹ́ táàmù kan péré ló lò, ọdún kan ni wọ́n á kà á sí. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó kúrò ní ọdún kìíní, tó lọ bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́ta níbòmíràn, ti lo ọ̀kan nínú mẹ́rin. Mẹ́ta ló kù, mẹ́ta náà ló sì nílò. Ọmọ tí a ní kó forí tì í, tí ó wá rẹ̀ ẹ́ pátápátá ní ọdún kejì, tó sì kúrò, ti lo méjì. Méjì ló kù, mẹ́ta ló nílò. Ẹni tó bá dé ọdún kẹta kó tó kúrò, ọ̀kan ṣoṣo ló kù fún un. Ọdún tí ìjọba kò bá yá a lówó fún, àpò ẹbí ló máa gbé e, àyàfi bó bá ní ìdí tó lágbára, bí àìsàn, tó lè fi ìwé gbè lẹ́yìn.

Ẹ kíyè sí i: ọdún kan péré ni ètò yìí fi sílẹ̀ fún ọmọ tó bá ṣi ibẹ̀ yàn, ọdún náà gan-an sì ni àwa ń sọ fún un pé kó má lò. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ló ń gbà. Ìjọba ti kéde pé láti oṣù kìíní 2027, ètò tuntun tí wọ́n pè ní Lifelong Learning Entitlement yóò bẹ̀rẹ̀, owó tó tó ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin ni yóò sì wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lo ọ̀kan níbi tí kò bá a mu ṣì ní mẹ́ta. Ẹni tó bá fi méjì tàbí mẹ́ta ṣòfò nítorí ojú ayé, kò sí ẹni tó máa dá a padà fún un.

Àwọn kan á ní: gbèsè ńkọ́? Gbèsè wà, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2023 wà lábẹ́ ètò Plan 5. Kò ní san kọ́bọ̀ àfi bí owó tó ń gbà lọ́dún bá kọjá £25,000. Ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá lé ni wọ́n ń yọ. Ohun tó bá sì kù lẹ́yìn ogójì ọdún, wọ́n á pa á rẹ́. Ẹni tó ń gba £30,000 yóò san £450 lọ́dún, ìbáà jẹ́ owó ọdún mẹ́ta ló yá, ìbáà jẹ́ mẹ́rin. Ọdún kan sí i lè mú kí sísan náà pẹ́ sí i, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé gbèsè ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta ka ohun tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, tí kò rí ìwé ẹ̀rí gbà. Gbogbo gbèsè náà wà lọ́rùn rẹ̀, ohun tó torí rẹ̀ jẹ ẹ́ kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Èwo nínú méjèèjì ló yẹ kó bà wá lẹ́rù?

Nígbà mìíràn pàápàá, ọdún kankan kì í sọnù. Kírẹ́díìtì 120 ni iṣẹ́ ọdún kan ní yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 360 ni wọ́n sì fi ń gba dígírì. Ọmọ tó yege ọdún kìíní ní 120 lọ́wọ́, ó sì lè kọ̀wé sí yunifásítì mìíràn pé kí wọ́n gba òun sí ọdún kejì. Wọ́n lè gbà, wọ́n lè kọ̀. Bí kọ́ọ̀sì méjèèjì ṣe jọra tó àti bí máàkì rẹ̀ ṣe dára tó ni wọ́n á wò. Ìmọ̀ ìṣègùn kì í sábà fàyè gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà wà, òfin sì dá a mọ̀: Higher Education and Research Act ti 2017 pàṣẹ pé kí Office for Students, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, máa ṣọ́ ètò tí àwọn yunifásítì ní fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣí, yunifásítì tó bá sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ gbé ètò tirẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i. Ohun tí Ilé Aṣòfin ní Westminster gbà pé ó yẹ ká ṣètò fún, kí ló dé tí a fi ń kà á sí àbùkù nínú pálọ̀ wa?

Ó ku ọ̀rọ̀ ìforítì fúnra rẹ̀. Mo gbà pé ìwà rere ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni à ń forí tì, a kì í forí ti àṣìṣe. Nígbà tí University College Ibadan ṣílẹ̀kùn ní 1948, Chinua Achebe wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, pẹ̀lú ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Lẹ́yìn ọdún kan, ó fi í sílẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Ẹ̀bùn owó náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Augustine, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, yááfì owó tó fẹ́ fi rìnrìn àjò lọ sílé, kí àbúrò òun lè máa kàwé lọ. Ẹ wò ó dáadáa. Ìyípadà náà ná wọn lówó gidi, ẹbí kò sì torí owó pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n sì gbé ẹrù náà pẹ̀lú rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tó wọ Ìbàdàn, ìwé rẹ̀, Things Fall Apart, jáde.

Kì í ṣe òun nìkan. Wole Soyinka wọ Ìbàdàn kan náà ní 1952. Ní 1954, ó ti kọjá sí yunifásítì Leeds, níbẹ̀ ló sì ti gba dígírì rẹ̀. Chimamanda Ngozi Adichie fi yunifásítì Nsukka sílẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún kan àbọ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìṣègùn àti oògùn, ó lọ sí Drexel ní Philadelphia, ó sì tún ṣí kúrò níbẹ̀ lọ parí ní Eastern Connecticut. Barack Obama bẹ̀rẹ̀ ní Occidental College, ó parí ní Columbia. Mi ò dárúkọ wọn nítorí òkìkí wọn. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìpinnu yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni wọ́n, kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n máa dà. Bí a bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwa tó ń sọ pé "a kì í bẹ̀rẹ̀ ká má parí" ì bá ti pè wọ́n ní aláìníforítì, a ì bá sì ti ṣìṣe.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìtìjú ló ń bà wá lẹ́rù. A ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. A ti fi fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, àwọn ará ilé ní Ìjẹ̀bú àti Òǹdó ti ṣe àmín. Báwo la ṣe fẹ́ ṣàlàyé? Àlàyé kò ju gbólóhùn kan lọ: ó ti pààrọ̀ yunifásítì. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín kò san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún wa, kò sì ní bá ọmọ jókòó nínú ìdánwò. Ìtìjú tó tóbi jù ni èyí tí ìpanilẹ́numọ́ ń bí. Ọmọ tó bá ti rí i pé òótọ́ ń fa ariwo nílé yóò kọ́ bí a ti ń parọ́. Kò ní lọ sí kíláàsì mọ́, kò sì ní sọ. Yóò máa sọ pé dáadáa ni gbogbo nǹkan ń lọ, títí ọjọ́ tí òbí fi máa béèrè aṣọ tí a máa wọ̀ sí ayẹyẹ ìgboyè, tí kò sì ní sí ìgboyè kankan. Ilé tí ọmọ kò ti lè sọ pé "ó ṣòro fún mi" ló ń bí irú ọjọ́ yẹn.

Mi ò sọ pé kí a kó ẹrù nítorí gbogbo ẹkún ọ̀sẹ̀ kẹta. Mi ò sì sọ pé kí ọmọ pa yunifásítì tì bí John Boyega, ọmọ Peckham, ti fi University of Greenwich sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ fíìmù. Ọ̀nà tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀nà gbogbo ayé. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a bi ọmọ léèrè bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Ṣé kọ́ọ̀sì ni, àbí ìlú náà? Ṣé àwọn èèyàn ibẹ̀ ni, àbí owó, àbí ara rẹ̀ kò yá? Ṣé ó ń lọ sí kíláàsì? Kí ni yóò yàtọ̀ níbi tó fẹ́ lọ? Àárò ilé máa ń fúyẹ́ bí táàmù kejì bá dé. Kọ́ọ̀sì tí kò bá ọmọ mu kì í fúyẹ́. Bó bá jẹ́ kọ́ọ̀sì nìkan ni ìṣòro, ó lè pààrọ̀ rẹ̀ nínú yunifásítì kan náà láì kó àpótí rárá. Bó bá jẹ́ pé ìdánìkanwà ní ìlú jíjìn ló ń jẹ ẹ́ níyà, kí ló burú nínú kó padà sílé? Láti ibùdókọ̀ ojú irin Sydenham, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló máa gbé e dé New Cross Gate, níbi tí yunifásítì Goldsmiths wà. Yunifásítì Greenwich kò jìnnà, èyí tó wà ní Elephant and Castle náà kò jìnnà. Ọmọ tó ń sùn nílé, tó ń jẹun ìyá rẹ̀, tó sì ń yege, kò kùnà.

Ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò: ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wá láti Nàìjíríà. Yunifásítì rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún Home Office bó bá kúrò, físà rẹ̀ sì lè bọ́. Kí ó gba ìmọ̀ràn àwọn tó mọ òfin ìwọ̀lú ní yunifásítì rẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ kan. Ìyẹn kì í ṣe ìdí láti pa á lẹ́nu mọ́. Ìdí láti jẹ́ kó tètè sọ̀rọ̀ ni.

Bí ọmọ bá sọ ọ́, ohun tó yẹ kí òbí ṣe nìyí. Bó bá jẹ́ kọ́ọ̀sì kan náà ló fẹ́ máa kà níbòmíràn, kó parí ọdún náà dáadáa, nítorí kírẹ́díìtì rẹ̀ ni yóò gbé dé ọ̀hún. Bó bá jẹ́ pé kọ́ọ̀sì náà kò bá a mu rárá, kí a má jẹ́ kó fi táàmù kún táàmù, kó sì kọ̀wé nípasẹ̀ UCAS kí gbèdéke oṣù kìíní tó kọjá. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kó má kàn sá kúrò. Kó rí olùkọ́ tó ń mójú tó o, kó gba ìdáhùn yunifásítì tuntun lórí ìwé, kó sì béèrè lọ́wọ́ Student Finance iye ọdún tó kù fún un àti iye tó máa dá padà nínú owó oúnjẹ àti ilé tó ti gbà. Kí òbí jókòó tì í bó ti ń ṣe é. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀: ọmọ ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀, àgbà ló mọ bí a ti ń bi ẹni tó ń yáni lówó ní ìbéèrè.

Ẹ̀yin òbí Sydenham, Peckham, Catford àti Lewisham, iṣẹ́ alẹ́ tí ẹ ṣe kò ní já sófo nítorí pé ọmọ yín pààrọ̀ yunifásítì. Ìgbà tí ọmọ bá gba ìwé ẹ̀rí ohun tó lè fi ṣiṣẹ́, ní ibi tó ti lè mí, ni iṣẹ́ yẹn tó so èso. Nítorí náà, bó bá wálé ní Kérésìmesì tó ń bọ̀, tó sì sọ pé ibẹ̀ kò bá òun mu, ẹ má tíì tẹ ẹnikẹ́ni láago. Ẹ bi í pé kí ló dé, ẹ jẹ́ kó dáhùn tán, ẹ ṣírò owó náà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ sì bá a gbé àpótí rẹ̀.